Ojú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ náwó sí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá tẹ̀wé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Obìnrin ẹni ọdún 56 ni mí. Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni mò ń gbé, ẹ̀bá ọjà Ouando sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe jẹun: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé àdúrà ogójì ọjọ́, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìkómọjáde. Àwọn mìíràn máa ń kó orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá láti Kétu kí n bá wọn tò ó sínú ìwé. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìdí-Ìrókó ló máa ń bá mi ra ìwé ìròyìn yín bọ̀, mo sì máa ń kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn kí n tó yá aládùúgbò mi.

Lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi jókòó kọ èyí. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà àgbélétan tuntun, kó má ṣe náwó sí èyí tí kò bá ní káàdì graphics (ẹ̀yà tó ń ṣírò ohun tó ń hàn lójú ẹ̀rọ) tirẹ̀ lọ́tọ̀, pé owó dànù ni. N kò bá a jà. Ohun tó ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ mu ló sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi bá gba ìmọ̀ràn yẹn, owó tó yẹ kó fi ra ojú ẹ̀rọ tó fẹ̀, tó sì mọ́ kedere, ni yóò kó sórí káàdì tí kò ní ṣe é lóore. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí mo lò fún ọdún 6 kéré. Ínṣì 11.6 ni ojú rẹ̀. Láti igun òkè ní apá kan dé igun ìsàlẹ̀ ní apá kejì ni wọ́n ti ń wọn ojú kọ̀ǹpútà, nítorí náà nọ́ńbà yẹn kò sọ bó ṣe fẹ̀ tàbí bó ṣe ga fúnni. Mo fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n fúnra mi: ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 ó lé díẹ̀, ó ga tó 14. Ìwé ètò ìsìnkú tí mò ń ṣe, abala A4 kan tí a ṣẹ́ po sí méjì ni. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìbú, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 29.7, ó ga tó 21. Ìwé tóbi ju ojú ẹ̀rọ lọ. Kí n tó lè rí ojú ewé méjèèjì pa pọ̀, mo ní láti sún un kéré, bí mo bá sì ti sún un kéré, àmì orí lẹ́tà àti àmì abẹ́ lẹ́tà á di bí ìdọ̀tí eṣinṣin. Bí mo bá tún sún un tóbi, ìlà bíi mélòó kan ni mo ń rí, n kò mọ ohun tó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lọ́dún tó kọjá, ìdílé kan gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ìyá wọn ló re ibi àgbà ń rè. Wọ́n fẹ́ kí àwòrán màmá wà lẹ́yìn ìwé náà, kí oríkì kúkúrú wà lábẹ́ àwòrán, kí ọ̀rọ̀ tó máa ṣáájú níbẹ̀ jẹ́ "Ọ̀ṣọ́ ilé wa". Àkọ́bí wọn ọkùnrin ní kí n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó lè dá yàtọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fa ìlà sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n: ibi tí àmì abẹ́ ọ àti ṣ wà gan-an ni ìlà tí kọ̀ǹpútà ń fà máa ń gbà kọjá. Mo wò ó lójú ẹ̀rọ kékeré yẹn, mo rí ìlà, mo rí nǹkan dúdú lábẹ́ lẹ́tà, mo gbà pé gbogbo àmì ti pé. Mo tẹ 300 jáde. Àmì abẹ́ ṣ nìkan ló wà níbẹ̀. Abẹ́ o méjèèjì ṣófo. Ohun tó wá wà lábẹ́ àwòrán ìyá àgbà, nínú ìwé tí ọmọ, ọmọ-ọmọ, àna àti ọmọ ìjọ máa gbé lọ sílé, ni "Òṣó ilé wa".

Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó wọlé, ó kí mi, ó gbé ìwé kan kalẹ̀ sórí tábìlì mi, ó fi ìka sórí ọ̀rọ̀ náà, ó ní: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí mi létí." Ẹnu mi kò gbà á. Lóru ọjọ́ náà ni mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lówó ara mi, ilẹ̀ sì mọ́ bá mi nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó di àárọ̀, mo gbé e lọ sílé wọn, mo kúnlẹ̀ fún àwọn ẹbí. Wọ́n gbà mí dìde, wọ́n ní ó ti tán. Kò tíì tán lọ́kàn tèmi títí di òní.

Láti ìgbà náà n kì í fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́. Lẹ́tà dúdú kíki ni mo fi ń mú ọ̀rọ̀ dá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ká ní ojú ẹ̀rọ fẹ̀ tó, tó sì mọ́ tó, n bá ti rí i kí ìwé tó jáde. (Ní ilẹ̀ Benin yìí, lẹ́tà tí ìjọba fọwọ́ sí fún kíkọ àwọn èdè wa ni ɛ àti ɔ, ìyẹn kò sì ní àmì abẹ́ tó lè sọnù. Àmọ́ àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá àti ìwé ìròyìn yín láti kékeré, ẹ àti ọ ni ojú wọn mọ̀, n kò sì lè ní kí wọ́n yí i padà lórí ìwé òkú wọn.)

Ni mo bá pinnu pé n ó ra kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ tóbi. Mo fi lọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Abomey-Calavi. Ó ní: "Tàńtí, ẹ má wulẹ̀ ra èyí tí kò ní graphics. Ẹ gba tèmi lò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí ìyàtọ̀." Ó gbé tirẹ̀ wá, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà. Ínṣì 15.6 ni, ó ní káàdì NVIDIA GeForce nínú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú mi dùn sí i púpọ̀. Ojú rẹ̀ mọ́, lẹ́tà dá ṣáká, mo rí àmì abẹ́ lẹ́tà láìfi imú kan ojú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú iná lọ. Mo ní sólà kan lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, bátìrì mọ́tò kan, àti inverter kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 150 watt. Iṣẹ́ mi kì í dúró lórí ìyẹn: kọ̀ǹpútà kékeré mi àti gílóòbù méjì ni mo máa ń tàn sí i. Bí mo ṣe ki ṣájà ọmọ náà bọ̀ ọ́ báyìí, inverter ké, ó pa ara rẹ̀. Mo tún un tàn, ó tún pa. Nígbà tí mo gbé ṣájà náà súnmọ́ ojú tí mo kà á, 180 watt ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Bátìrì inú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tí mo lè fi ṣiṣẹ́, kò sì tó wákàtí méjì tó fi tán. Ìwé àdúrà ogójì ọjọ́ ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, oníṣẹ́ sì ti jókòó tì mí.

Fáànù rẹ̀ ńkọ́? Ìyá arúgbó kan wá pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi kí n kọ wọ́n sílẹ̀. Ìyá yẹn ń gbé ohùn sókè kí n tó lè gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀rọ ń hó gèè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọpọlọ irú kọ̀ǹpútà yẹn (processor), èyí tí wọ́n kọ H sí ẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n ṣe é láti jẹ iná tó bíi 45 watt, nígbà tí èyí tó ní U lẹ́yìn nọ́ńbà ń jẹ bíi 15. Iná tó bá jẹ ni yóò di ooru, ooru yẹn ni fáànù sì ń lé jáde.

Ohun tó wá là mí lójú jù lọ, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí láìmọ̀. Ó ti kọ́ mi pé bí mo bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ojú ewé kan á ṣí tó ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ń ṣe hàn. Mo tẹ̀ ẹ́. Graphics méjì ni mo bá níbẹ̀: ti Intel tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ, àti NVIDIA tí wọ́n fi kún un. Mo ṣí ìwé ìsìnkú tó ní àwòrán mẹ́jọ, mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tan fídíò ìwàásù kan lé e. Intel ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. NVIDIA wà lórí òdo. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ìgbà tí mo wò ó tó kúrò lórí òdo. Káàdì tí wọ́n ní kí n torí rẹ̀ san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, oorun ló ń sùn nínú iṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí graphics yìí jẹ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Òun ni ẹ̀yà tó ń ṣírò ohun tó yẹ kó hàn lójú kọ̀ǹpútà, àmì iná tíntìntín kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni Intel àti AMD ti ń rọ ọ́ mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà lójú kan náà. Graphics àbínibí ni mo ń pè é. Èyí tó dá dúró ní RAM tirẹ̀ (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), ó ń jẹ iná tirẹ̀. Àbínibí kò ní RAM kankan, inú RAM kọ̀ǹpútà ló ti ń bu tirẹ̀, òun àti ọpọlọ jọ ń jẹ nínú àwo kan ni. Bí oúnjẹ inú àwo bá kéré, ebi á pa àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń béèrè pé kí wọ́n fi owó káàdì ra RAM: gígábáìtì 8 ni ó kéré jù, 16 ló fini lọ́kàn balẹ̀.

Káàdì ọ̀tọ̀ ní ìwúlò tirẹ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán ilé ní 3D, ẹni tó ń gé fídíò ńláńlá tọ̀sán-tòru, ẹni tó fẹ́ ṣe eré orí kọ̀ǹpútà tó le, kó ra á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lò ó, ó sì ń jèrè rẹ̀. Mo dá a padà fún un pẹ̀lú ọpẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gba Kútọnu lọ. Nǹkan méjì ni mo mú dání: téèpù aránṣọ, àti flash tí ìwé "Ọ̀ṣọ́ ilé wa" wà nínú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí mo bàjẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n ṣí ìwé méjèèjì sójú ẹ̀rọ wọn, ojú ewé gbogbo lẹ́ẹ̀kan, láìsún un tóbi. Bí mo bá lè jókòó bí mo ṣe ń jókòó níbi iṣẹ́, tí mo sì dá èyí tó ní àmì mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó rẹ̀. Bí n kò bá dá a mọ̀, mo dúpẹ́, mo jáde.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọlọ́jà gbé okasiọn (àlòkù) ńlá kan jáde tó ti Yúróòpù wá, ínṣì 17.3. Ó tóbi bí àwo ìjẹun ọlọ́mọ púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì iná tíntìntín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 1600 ní ìbú, 900 ní gíga, àmì abẹ́ lẹ́tà sì rí hágahàga bí ìgbà tí èèyàn fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ó. Ohun tó tún lé mi kúrò níbẹ̀ ni pé ìran keje Intel ni ọpọlọ rẹ̀. Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń fẹ́ ìran kẹjọ sókè lọ́dọ̀ Intel. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ lónìí ra àìsàn mọ́ ọn.

Ṣọ́ọ̀bù kejì ní ínṣì 15.6. Tuntun ni, ó ń dán. Mo ṣí ìwé mi, n kò rí àmì dáadáa, ó yà mí lẹ́nu. Ìgbà tí mo béèrè ni ọlọ́jà sọ fún mi pé 1366 lọ́nà 768 ni. Iye tí ẹ̀rọ kékeré mi àtijọ́ ní gan-an nìyẹn, bíi mílíọ̀nù kan píksẹ́lì. Wọ́n kàn fà á gbòòrò ni, bí ẹni tó bu omi kún ọbẹ̀ kó lè kárí. Ojú tó tóbi tí píksẹ́lì rẹ̀ kò pọ̀ kò wo àìsàn tèmi sàn. Ẹ béèrè 1920 lọ́nà 1080 ó kéré tán, ìyẹn lé ní mílíọ̀nù méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ọlọ́jà kì í dárúkọ, tó sì ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ mi. N kì í dá wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo máa ń gbé e lọ sílé olókùú kí àwọn àgbà bá mi yẹ orúkọ wò kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n á yí i ká: ẹnì kan níwájú, ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ìyàwó ilé méjì lẹ́yìn tí wọ́n nà ró. Ojú ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní TN, ẹni tó bá jókòó sí iwájú gan-an nìkan ló ń rí i bó ṣe yẹ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí i tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ á rí àwòrán òkú tó ti dúdú kọjá àfẹnusọ. Bàbá kan ti bá mi jà rí nítorí rẹ̀, ó ní mo ba ojú àbúrò òun jẹ́. IPS, irú tó ń hàn dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ náà, ni kí ẹ béèrè. Ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́, ẹ rìn yí i ká, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un wò. Bó bá sì jẹ́ pé àgbàlá ni ẹ ti máa ń lò ó bíi tèmi, ẹ ra èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 300 nit, tí ojú rẹ̀ kò sì máa dán bíi dígí, nítorí lábẹ́ igi máńgòrò ní ọ̀sán, 250 nit kò tó nǹkan.

Ṣọ́ọ̀bù kẹrin ni mo ti rí tèmi. Ínṣì 16 ni, 1920 lọ́nà 1200. Irú èyí ga díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìyẹn ló sì wù mí jù. Mo na téèpù mi: sẹ̀ǹtímítà 34 àti ààbọ̀ ní ìbú, 21 àti ààbọ̀ ní gíga. Mo gbé abala A4 lé e lórí ní ìbú. Ó wọ inú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà ń wò mí bí mo ṣe di ìwé mú sójú ẹ̀rọ, n kò dá a lóhùn. Mo ṣí ìwé mi, mo jókòó padà, mo rí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ "Ọ̀ṣọ́" bí ẹni rí ẹyin lórí àwo. Ojú mi kún fún omi níbẹ̀.

Ibi graphics ló kù. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé Iris Xe ni, àbínibí Intel tó dára nìyẹn. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc mi, ó sì kọ UHD, àbínibí Intel tí kò tó o, kì í ṣe Iris Xe. Mo béèrè ìdí. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń wò mí, ó wá pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, ó tú ìdí ẹ̀rọ lójú mi: ihò RAM méjì ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ló wà nínú rẹ̀, gígábáìtì 8. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni graphics ń gbà bu oúnjẹ, Intel kì í sì í jẹ́ kó jẹ́ orúkọ Iris Xe àfi bí ọ̀nà bá di méjì. Mo san 20,000 sẹ́fà lé e, ó fi ẹyọ 8 kejì sí i. A tún un tàn: Iris Xe. Gbogbo rẹ̀ wá di 360,000 sẹ́fà. Èyí tó ní káàdì ọ̀tọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí ojú rẹ̀ kò tó ti èmi, 620,000 ni wọ́n pè é. Ẹ bá mi yẹ ihò RAM wò kí ẹ tó sanwó, nítorí inú ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n ti jó RAM mọ́ ọn lára, a kò lè fi kún un mọ́ láé.

Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 65 watt. Inverter mi kò ké. Bí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì rẹ̀ nìkan ń gbé mi tó wákàtí mẹ́fà bí mo bá dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ ti Faransé, AZERTY, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn láti ilé ìwé. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ ní Ìkẹjà á bá QWERTY níbẹ̀. Ó wúwo ju ti àtijọ́ lọ, n kò ní purọ́, àpò èjìká ni mo fi ń gbé e báyìí.

Ẹnì kan ní kí n má wulẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ńlá, kí n ra ojú ẹ̀rọ ńlá ọ̀tọ̀ kan kí n so ó mọ́ ti kékeré. Fún ẹni tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì jókòó sí ojú kan, ó dára. Ojú ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ kò ní bátìrì, n kò sì lè gbé e lọ sílé olókùú.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ gbé ìmọ̀ràn lórí kọ̀ǹpútà jáde, ẹ ní kí ẹni tó ń gbà wá nímọ̀ràn kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ máa rántí àwa tí à ń tẹ̀wé, àwọn olùkọ́, àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú wọn sílẹ̀. Kí ẹ má sì bínú sí mi: ó ti tó ìgbà mẹ́ta nínú ọdún yìí tí àkọlé ìròyìn yín jáde láìní àmì abẹ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ èèyàn. Mo mọ̀ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ẹ̀rọ kékeré ni ẹni tó ń to ojú ewé yín ń lò, ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbé kọ̀ǹpútà tuntun yìí lọ sí ilé kan ní Oganla. Mo gbé e sórí àpótí láàárín àgbàlá, mo ṣí ojú ewé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, mo jókòó. Bàbá àgbà ilé náà wà lórí àga rẹ̀ lápá òsì, ó jìnnà tó ìṣísẹ̀ méjì, kò sì sẹ́ni tó pè é wá wò ó, nítorí a rò pé ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. À ń ka orúkọ lọ. Bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ, ó ní: "Ìyá oníwèé, Adéyẹmí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ẹ fàmì sábẹ́ e rẹ̀."

Mo wò ó. Òótọ́ ni bàbá sọ. Mo fàmì sí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníwèé, Ouando, Àjàṣẹ́